Ta Ni Yóò Fọ Ẹnu Àwáwù?

Ṣakí,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 2024

Sodiqat ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọ kú òtútù ibẹ̀ yẹn, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí o rántí ilé. Ara èmi le. Ràsáàkì kì í ṣàárẹ̀, àwọn tó ń retí àárẹ̀ rẹ̀ ló ti rẹ̀. Àwáwù ìyá rẹ ni ara rẹ̀ kò yá.

Ìwé ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí bí èmi àti ìwọ bá ti gbé fóònù sétí, ìjà ni. Nínú ìwé, ẹnì kan á kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ tán. Ládòkun tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká iṣu mi ni yóò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ìwé kejì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n àwọn tó kà á débi tí ojú wọn fi ń lo dígí ló ń dọ̀bálẹ̀ fún mi ní Ṣakí yìí.

Ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ ń to iṣu nínú àká, ló bá ṣubú. A rò pé ẹsẹ̀ ló yẹ̀. Ìgbà tí a gbé e dìde, ẹnu ti wọ́ sí apá kan, ọwọ́ ọ̀tún kò gbé nǹkan mọ́, ọ̀rọ̀ kò jáde. Dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Kò lè gbé nǹkan mì. Rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n tì bọ imú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà da ògì olómi sí i.

Má sunkún. Yàrá tí kò bá ẹlòmíràn pín ni mo gbà fún un. Bí mo ṣe wọ ọsibítù, ńṣe ni wọ́n ń pè, "Baba Àká! Baba Àká dé!" Ta ni kò mọ̀ mí? Èmi tí mo fi kẹ̀kẹ́ ru iṣu láti Kíṣí, tí ọkọ̀ akẹ́rù wá ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi lónìí.

Nǹkan kan ló pa mí lẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì wọn kan, Àpọ́nlé, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Baba, ẹ jẹ́ kí ará ilé máa bá wa fọ ẹnu ìyá. Àwa méjì péré la wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù." Mo ní, "Ẹnu wo? Ẹnu tí kò jẹun, kí ló dọ̀tí níbẹ̀? Àwo tí wọn ò fi jẹun, ṣé ẹ máa ń fọ̀ ọ́ nílé yín ni?" Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ṣùkúrù, ìyàwó mi kékeré, ni kò rín. Ó lọ bu omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo fi í sílẹ̀. Obìnrin kì í rí ohun tí kò fẹ́ fọ̀.

Ìwọ tí o ń tọ́jú arúgbó nínú ọsibítù òyìnbó, wá oògùn tó ń tú ahọ́n sílẹ̀ fún wa. Kí o sì rántí pé ìyá yìí ń wo ọ̀nà. Iléyá wo ni o wá rí láti ìgbà tí o ti lọ?

Èmi ni baba rẹ,
Ràsáàkì Alákàá, Baba Àká, igi ńlá tí atẹ́gùn ń yà fún.


Leeds,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹwàá, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìnira, ẹ kú ìdúrótì. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìwé yín, n kò mọ ìgbà tí mo kọjá ibi tí mo ń lọ.

Kò sí oògùn tó ń tú ahọ́n, Bàbá. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá tà fún yín, ẹ lé e. Ọ̀rọ̀ ẹnu fífọ̀ tí ẹ fi nọ́ọ̀sì yẹn ṣe ẹ̀rín, òun gan-an ni oògùn.

Ẹnu kì í ṣe àwo. Ẹni tó ń jẹun, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń mumi, ahọ́n rẹ̀ ń gbá ẹnu fún un, itọ́ sì ń ṣan án. Ẹnu tí kò jẹun, tí kò sọ̀rọ̀, bí omi àmù tí a kò pààrọ̀ ló rí: á yọ̀, á rùn. Ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa, ìdọ̀tí yẹn á bá itọ́ yọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń di òtútù àyà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe rọpárọsẹ̀ ló ń pa wọ́n. Ohun tó gba ẹnu wọlé ni. Ojú mi ń rí i níbí.

Báyìí ni kí wọ́n ṣe é. Kí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè, kí wọ́n yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé tó rọ̀ ni kí wọ́n lò, kí wọ́n kàn fi omi rin ín. Eyín, ahọ́n, àjà ẹnu, àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ apá tó kú yẹn, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí. Kí wọ́n wé aṣọ mímọ́ tútù mọ́ ìka láti fi nù ún jáde. Kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i lẹ́nu o! Kí wọ́n fi òrí pa ètè rẹ̀. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, kó tó sùn.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹ má jẹ́ kí Ìyá Ṣùkúrù ti ìka bọ ẹnu ìyá mi. Ẹ ti gbàgbé ọdún tí ìyá mi jẹ ọbẹ̀ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì bí ẹni tí ìfun rẹ̀ fẹ́ jáde? Orogún ni orogún ń jẹ́. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò lè figbe ta, ẹ wá gbé ẹnu rẹ̀ lé orogún rẹ̀ lọ́wọ́? Mo ti pe Àǹtí Misturat, àbúrò ìyá mi, ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Àwọn ni kó ṣe é. Bí ẹ bá jẹ́ kí Ìyá Ṣùkúrù tún fọwọ́ kan ibẹ̀ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, n kò ní bá yín sọ̀rọ̀ títí láé.

Ọ̀rọ̀ wíwá mi, ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba wọn. Bí mo bá jáde báyìí, n kò ní lè padà wọlé.

Ọmọ yín,
Sodiqat


Ṣakí,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹwàá, 2024

Sodiqat,

Mo kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé rẹ kò kí ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. O kọ́ mi ní ẹnu fífọ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé kéwú ní álífù. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún tí mo ṣì ń fi eyín ṣí ìgò.

Mo ti ṣe bí o ti wí. Kí Ìyá Ṣùkúrù má baà sọ pé èmi ni mo gbìmọ̀ rẹ̀, mo ka ìwé náà sí i létí látòkè délẹ̀, n kò fo ìlà kan. Abọ́ omi iyọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Ó gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin náà jẹ ẹ́, Ṣùkúrù jẹ ẹ́. Ta ló kú?"

Ó tún ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà níbí, èmi ni mò ń fọ ìdí wọn, èmi ni mò ń fọ aṣọ tí wọ́n tọ̀ sí. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé láti Leeds pé májèlé wà ní ìdí. Ẹnu nìkan ni ẹ ń bẹ̀rù."

Mo ní kó panu mọ́. Ó di ẹrù, ó lọ sí ilé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlerò.

Misturat dé lọ́jọ́ Ajé. Lọ́fíńdà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí Ládòkun ya òun ní fọ́tò, ó dájú pé ìwọ náà ti rí i. Ó wá ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá rẹ hùn, òórùn jáde, Misturat ju búrọ́ọ̀ṣì, ó sá síta, ó ń ṣe "yéè, yéè" lára ògiri. Ọjọ́rú ló ti padà sí Ìsẹ́yìn. Ó ní aṣọ àwọn kan tó ń ṣègbéyàwó wà lórí òfì òun.

O rí i báyìí. Èyí tó lè ṣe é, o lé e. Èyí tí o pè, kò lè ṣe é. Nọ́ọ̀sì Àpọ́nlé ń wá bí àyè bá yọ, àyè kì í sì í yọ. Mo bi ọ́, ta ni yóò fọ̀ ọ́?

Baba rẹ,
Ràsáàkì Alákàá, tí kì í gba ẹ̀bùrú.


Leeds,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹwàá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú wàhálà. Ẹ ka ìwé mi sí wọn létí! Bàbá, ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá baba rẹ̀ sọ ní ìyẹ̀wù ni ẹ gbé lọ sójú agbo yẹn. Kì í ṣe èmi ni mo lé wọn, ohùn yín ló lé wọn.

Àǹtí Misturat pè mí ní àná òde yìí, wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán ni, pé ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà tí mo ka ìwé yín, mo pè wọ́n padà. Mo gbọ́ ìró òfì lẹ́yìn wọn. Mo gé fóònù.

Ẹ bi mí pé ta ni yóò fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọwọ́ yín kò rọ. Baba òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ mi, ó ti dàgbà jù yín lọ, rélùwéè ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wa. Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe wà ni ìyá mi ṣe wà yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, á wé aṣọ mọ́ ìka, á máa nù ún lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, á máa ròyìn bọ́ọ̀lù fún un. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyá mi kì í jẹ́ "ẹ kú àárọ̀" ẹnikẹ́ni kó tó rún orín tán. Ó máa ń fi ọwọ́ júwe ni. Ìtìjú tó ń jẹ ẹ́ báyìí ju àìsàn lọ. Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fọ ẹnu ìyàwó yín.

Sodiqat


Ṣakí,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá, 2024

Sodiqat,

Ó pẹ́ kí n tó dáhùn nítorí pé mo ń wá ibi tí màá gbé ìbínú mi kà.

Èmi ni o mú wé òyìnbó onírélùwéè. Èmi tí mo kọ́ ilé alája méjì kí n tó pé ogójì ọdún, tí mo mú ìwọ alára rékọjá òkun! Nínú ìran wa, ọkọ wo lo gbọ́ pé ó ti ìka bọ ẹnu aya rẹ̀? Kí Tàjúdéènì lèmọ́mù wọlé wá ṣàdúrà, kó bá mi níbi tí mo ti ń họ ahọ́n obìnrin? Kí wọ́n máa sọ ọ́ nídìí ọjà pé Baba Àká ti di alágbàtọ́? Rárá o. Mo ń san gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kí n san. Ìyẹn ni iṣẹ́ ọkùnrin.

Ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́ fún ọ, nítorí pé irọ́ kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ẹnu náà kò dára mọ́. Ahọ́n rẹ̀ ti bu bí gbodo ẹ̀lùbọ́ tí òjò pa lórí àpáta. Ètè ti là. Àwọn tó wá kí i, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n á fi hánkáṣíìfù bo imú, wọ́n á ní "Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà," wọ́n á yára lọ. Mo ra lọ́fíńdà Mẹ́kà, ògidì, èyí tí ọmọ Àmúdà aládùúgbò wa gbé bọ̀ láti Háájì, mo fi fọ́n gbogbo yàrá. Nígbà tí mo fọ́n ọn tán, ìyá rẹ wò mí. Ó wò mí títí. N kò fẹ́ràn wíwò yẹn.

Nítorí náà mo gba Ìlerò lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo sọ fún Ìyá Ṣùkúrù pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́ o, mi ò rán ẹnikẹ́ni. Ìkòkò ògì ló ń rò. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá fọ̀ ọ́ lónìí tí wọ́n kú lọ́la, kí ni ọmọ wọn máa kọ? Ẹni tó fi ìwé lé mi ni kó fi ìwé pè mí."

Mo ní, "Èmi ọkọ rẹ ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Mo gbọ́ yín. Ẹ̀yin náà ni ẹ kà á nígbà yẹn."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ rẹ. Jọ̀wọ́ kọ ọ́. Ìlà kan tó. Kọ ọ́, kí n gbé e lọ.

Ràsáàkì


Ṣakí,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kọkànlá, 2024

Sodiqat,

N kò rí nǹkan kan gbà. Ládòkun ní o ti rí i, pé àmì méjì orí fóònù náà ti yí sí àwọ̀ aró. O rí i, o dákẹ́.

Ara ìyá rẹ gbóná láti ìjẹta. Èémí rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ògì gbígbóná mu. Dókítà gbé irin lé e láyà, ó ní òtútù àyà ni. Ọ̀rọ̀ tí ìwọ kọ náà ni ó tún sọ, bí ẹni pé ẹ jọ sọ ọ́. Wọ́n ń fún un lábẹ́rẹ́. Ó ní abẹ́rẹ́ nìkan kò tó, pé ohun tó ń ti ẹnu lọ sísàlẹ̀ kò tíì dúró.

Kí lo ń dúró dè? Ṣé kí orogún ìyá rẹ wá kúnlẹ̀ fún ọ ni? Ìgbéraga yìí, níbo lo ti rí i?

Ràsáàkì


Leeds,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kọkànlá, 2024

Bàbá,

Ẹ bi mí níbi tí mo ti rí i. Ẹ wo dígí.

Kì í ṣe pé mo dákẹ́. Mo kọ ọ́, mo fà á ya. Mo tún kọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi tí mo ti fẹ́ kọ "ẹ jọ̀ọ́", ojú ìyá mi níbi tó ti ń bì lọ́dún yẹn ni mo ń rí. N kò gbà á gbọ́ pé wọn kò ṣe nǹkan kan. N kò gbà á gbọ́ títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń gbé lọ kì í béèrè ẹni tó na igi.

Ẹ ka èyí tó kù yìí fún wọn. Ẹ má ka ti òkè o, Bàbá. Mo bẹ̀ yín.

Ìyá Ṣùkúrù, mo kúnlẹ̀ kí yín. Èmi Sodiqat ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó lé yín kúrò nídìí ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà. Ẹ bá mi fọ ẹnu ìyá mi. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, n kò ní bi yín. Ìwé yìí ni ẹ̀rí yín. Kò sẹ́lòmíràn tó máa ṣe é, àwọn tó lè ṣe é kò fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́.


Ṣakí,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, 2024

Sodiqat,

Wọ́n ti pè ọ́, o ti gbọ́. Bí ó ti lọ gan-an ni mo fẹ́ sọ, kí ẹlòmíràn má baà fi iyọ̀ sí i.

Ìwé rẹ dé lálẹ́ Ọjọ́rú. Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlerò. Èmi Ràsáàkì, lẹ́yìn ọ̀kadà, nínú eruku, nítorí pé awakọ̀ mi ti gbé ọkọ̀ lọ sí Ìwéré-Ilé. Mo ka ìwé fún Ìyá Ṣùkúrù. N kò ka ti òkè. Ó ní, "Ẹ tún un kà." Mo tún un kà. Ó so gèlè rẹ̀ le, ó wọ ilé, ó mú òrí àti aṣọ funfun kan tó ti ya sí wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá. Ó ti ya á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa méjì gun ọ̀kadà kan ṣoṣo bọ̀.

Àpọ́nlé pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

A gbé òkú ìyá rẹ délé kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú dé, wọ́n ta aṣọ yí i ká ní àgbàlá. Ìyá Ràmọ́nì ni olórí wọn. Ìyá Ṣùkúrù bá wọn wọlé. Àwa ọkùnrin jókòó níta, èmi àti Tàjúdéènì àti gbogbo àwọn tó ń fi hánkáṣíìfù bo imú. O mọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é: kí wọ́n tó wẹ òkú, wọ́n á ṣe àlùwàlá fún un. Wọ́n á wé aṣọ tútù mọ́ ìka, wọ́n á fi nù eyín rẹ̀ àti inú ètè rẹ̀.

Ìyá Ṣùkúrù yọ orí jáde láti ẹ̀yìn aṣọ. Ó ti wé aṣọ funfun yẹn mọ́ ìka, omi ń kán níbẹ̀. Ó sọ ọ́ ketekete, gbogbo àgbàlá gbọ́. Ó ní, "Bàbá, ó kan ẹnu. Ṣé kí n ṣe é, àbí kí a ṣì dúró de Leeds?"

Tàjúdéènì wo ilẹ̀. Mo ní, "Ṣe é." Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe méjì péré lẹ́nu mi.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyá Ràmọ́nì ní, "Ó tó, Ìyá Ṣùkúrù, ilẹ̀ ń ṣú." Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀. Ti ọjọ́ pípẹ́ ni mò ń kó."

Màlúù ni màá pa ní fídáù ọjọ́ kẹjọ. Kò tíì sí obìnrin tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ní àdúgbò yìí. Má kọ̀wé sí mi pé ìka mi ńkọ́. Mo mọ̀ pé ohun tí o fẹ́ kọ nìyẹn. Èmi náà mọ ohun tí mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn, ó sì burú ju tìrẹ lọ.

Ìyá Ṣùkúrù ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé ẹnu ìyá rẹ mọ́ tónítóní kí ó tó wọlẹ̀. Ó ní bí o bá ṣì ń ṣiyè méjì, kí o wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Ràsáàkì